Ife Tíì Méjì

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo máa ń sọ fáwọn ará Ìpọ̀nrí pé mo lò ní Jámánì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Ọkọ̀ ojú omi kan ni mo bá lọ, èmi ni mò ń fọ abọ́ nílé ìdáná wọn. Ọkọ̀ náà dúró ní èbúté kan níbẹ̀ láti já ẹrù, òjò ò sì jẹ́ kí n rí ju ògiri kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ìlú òyìnbó dé tí kò ní ìtàn, kí ló lọ ṣe? Mo ní ajá kan gbó mọ́ mi lójú títì, mo fi èdè Jámánì bá a wí, ajá náà dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó bá ní kí n sọ èdè ọ̀hún, màá dá ọ̀kan sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú itọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n ò sì kà á dáadáa.

Mo rò pé ọmọ ọmọ mi obìnrin ló gbà mí gbọ́ jù. Ìyá ẹ̀ ni àkọ́bí mi obìnrin, tó ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì. Inú yàrá méjì kan náà ni gbogbo wa ń gbé. Ọmọ náà lọ kọ́ èdè Jámánì ní yunifásítì, ó ní èmi lòun fi jọ. Nígbà tó yá, wọ́n gbà á sí yunifásítì kan ní Jámánì gan-an, kó lọ máa ka ewì àwọn akéwì wọn ti òde òní, kó máa wá ohun tó wà nínú wọn. Ìyá ẹ̀ ní, "Bàbá, kí ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe?" Mo ní iṣẹ́ ńlá ni, pé níbẹ̀, bí akéwì bá ń sín, ọlọ́pàá á dá mọ́tò dúró.

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè mí. Á kọ́kọ́ ka ewì kan ní èdè Jámánì látòkè délẹ̀. Èmi á máa mi orí, bí ẹni pé fóònù ń rí mi, màá máa ní "ẹn-ẹn, ẹn-ẹn." Lẹ́yìn náà á tú u sí Yorùbá, á ní, "Ó yá, Bàbá Jámánì, kí lẹ rí níbẹ̀?"

Ewì wọn ò jọ tiwa. Tiwa, bí o bá ti ń gbọ́ ọ, o ti mọ ẹni tí wọ́n ń kì, o mọ bàbá ẹ̀, o mọ ohun tí wọn kì í jẹ nílé wọn. Tiwọn, igi kan á dúró, ẹyẹ kan á fò kúrò lórí ẹ̀, ó parí. Ọmọ náà ní ìdákẹ́jẹ́ ló pọ̀ nínú wọn, àti yìnyín, àti ilé tí èèyàn ti kó kúrò nínú ẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti jagun ńlá yẹn tán ni ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ ti ń ba àwọn akéwì wọn lẹ́rù.

Mo ní, "Irọ́ ni. Ẹyẹ yẹn ni ìyàwó. Igi yẹn ló ń hanrun."

"Bàbá! Ẹ máa bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi."

"Sọ fún un pé mo débẹ̀ ṣáájú ẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí òtútù wọn bẹ̀rẹ̀, ó pè, kò ka Jámánì rárá. Yorùbá ló kà. Obìnrin kan gbé ife tíì méjì sórí tábìlì. Ó mu nínú ọ̀kan, ó dìde, ó lọ jókòó ní òdì kejì, ó mu nínú ìkejì. Ó fọ méjèèjì. Ó kí ara ẹ̀ pé ó dàbọ̀.

Kí n má purọ́ níbí: inú mi dùn pé kò ka Jámánì. Ọrùn mi sinmi lọ́jọ́ yẹn.

"Kí lẹ rí níbẹ̀, Bàbá?"

"Wọ̀bìà ni," mo ní. "Tíì àlejò ló mu."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kékeré, bí ìgbà téèyàn fi ìka kan ṣoṣo kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá."

Ọjọ́ Àìkú kejì, kò pè. Ìkẹta, kò pè. Ìyá ẹ̀ pè é títí, kò gbé e. Àtẹ̀jíṣẹ́ kúkurú ló ń fi ránṣẹ́, pé iṣẹ́ pọ̀. Ni ọmọ mi bá jókòó tì mí pẹ̀lú ike bọ́tìnnì ẹ̀ lẹ́sẹ̀. "Bàbá, kí lẹ̀yin méjèèjì sọ kẹ́yìn?"

Mo sọ ti oníife méjì fún un.

"Báwo ló ṣe kà á ní Jámánì?"

Mo la ẹnu láti dá ọ̀kan sílẹ̀. Kò jáde. "Kò ka ti Jámánì," mo ní. "Yorùbá nìkan ló kà."

Ó wò mí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Jámánì, ẹ ò bi í pé ti òyìnbó dà?"

"N ò gbọ́ ọ. N ò gbọ́ ọ rí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ti fóònù sí mi lọ́wọ́. "Ẹ̀yin lẹ máa pè é."

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún tí mo pè ló gbé e. "Bàbá Jámánì."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. N ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì ni mo ti mọ̀, Bàbá. Itọ́ inú ẹ̀ ò pọ̀ tó yẹn."

Ẹ̀rín fẹ́ gbé mi, n ò gbà fún un. "Obìnrin oníife méjì yẹn, ta ni?"

Kò dáhùn. Tẹ́lẹ̀, màá ti fi ajá kan dí irú àyè bẹ́ẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

"Èmi ni," ó ní.

"Ó tó ọjọ́ mélòó tó o ti bá èèyàn sọ̀rọ̀ lójúkojú kẹ́yìn?"

Mo ń gbọ́ ọ tó ń ka ọjọ́. Ó dé mọ́kànlá, ó dánu dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá ẹ̀ ò jẹ́ kó parí ẹ̀, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ìyá mi, ìwọ àti ta ni ẹ jọ wà nínú ilé yẹn? Ta ló wà nítòsí ẹ? Lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ báyìí, mò ń dúró." Ó gbé fóònù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹnì kan ń kọjá lójú fèrèsé. "Bàbá Jámánì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" N ò dá a lóhùn. Ọmọ mi ni mò ń wò níta, bóyá ó máa jókòó. Ó wà lórí ìdúró, fóònù wà létí ẹ̀, ó ń retí kí ẹnì kan ṣílẹ̀kùn fọ́mọ ẹ̀ lọ́hùn-ún.