Ibi Tí Ọmọ Náà Ti Jáde Nínú Òkun

Inú takisí ni mo wà, láti àdúgbò Angondjé lọ sí àdúgbò Nkembo, nígbà tí lẹ́tà ilé ìtẹ̀wé náà wọlé sórí fóònù mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí awakọ̀ tó já mi sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ìwé mi. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí n yí ìparí rẹ̀ padà.

Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn níbí ní Libreville, olú ìlú Gàbọ̀n, ní èdè Faransé. Mo ti kọ̀wé nípa ìdìbò, nípa àgbàrá òjò, nípa ọjà tó jóná. Ìwé yìí ni àkọ́kọ́ tí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Ìtàn ìyanu ni, fún àwọn ọ̀dọ́. Bàbá kan tó ń ṣòwò ní Nkembo fi ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ránṣẹ́ sí Nàìjíríà kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ọmọ náà kò débẹ̀. Ó já sí ìlú kan lábẹ́ òkun, níbi tí gbogbo ohun tí àwọn èèyàn wa fi ránṣẹ́ sílé tí kò dé ń kóra jọ sí: páálí, lẹ́tà, aṣọ ìkómọ, àti àwọn ọmọ. Bó bá gbé ọwọ́ lé ẹrù kan, á gbọ́ orúkọ ẹni tó ni ín. Ọba ìlú náà kò sì fẹ́ kí ohunkóhun jáde níbẹ̀ mọ́. Ọmọ náà bá a jà, ó ṣẹ́gun, ó jáde nínú omi.

Níbo ló ti jáde? Ibẹ̀ ni ìjà wà.

Èmi ní kó jáde létí òkun Libreville, lẹ́bàá àdúgbò Batterie IV, kó fi ẹsẹ̀ rìn, tòun ti aṣọ tútù lára, títí dé ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, kó sì sọ pé: "Mo ti dé." Ilé ìtẹ̀wé náà, tó wà ní ìlú òkèèrè, sọ pé Nàìjíríà ló gbọ́dọ̀ jáde sí, níwájú ìyá àgbà. Obìnrin olóòtú wọn kọ ọ́ báyìí: "Ohun tí òǹkàwé ń retí ni pé kó padà sí orísun rẹ̀. Ilé ló yẹ kí ìrìn àjò rẹ̀ parí sí."

Ilé. Mo tún ọ̀rọ̀ yẹn kà.

Wọ́n ti fi èmi náà ránṣẹ́ rí. Libreville ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá mi ní kí n máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, bí àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń fi ọmọ tiwọn ránṣẹ́, kí n lè gbọ́ èdè, kí n kéwú, kí n gbọ́n. Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo bi ìyá àgbà mi pé, "Níbo ni òkun wà?" Mi ò tíì rí ìlú tí kò ní òkun rí. Mo rò pé gbogbo ìlú ló ní tirẹ̀. Àwọn ọmọ agbo ilé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń fara ti ògiri. Láti ọjọ́ yẹn, fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, "Ará Gàbọ̀n" ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí mo padà dé Libreville, àwọn ọmọ àdúgbò sọ mí ní "Ará Nàìjíríà".

Nínú iṣẹ́ wa, bí ẹnì kan bá bá mi sọ̀rọ̀, mo máa ń ka ohun tí mo kọ sílẹ̀ padà sí i létí, kó lè ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mo wí," tàbí, "Rárá o." Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ìwé yìí. Ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn ilé kéwú, mo máa ń ka orí kan fún àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Nkembo. Ibí ni wọ́n bí gbogbo wọn sí. Faransé ni wọ́n fi ń ronú, Yorùbá ni wọ́n fi ń bú ara wọn.

Ní Sátidé yẹn, lẹ́tà náà ni mo kà fún wọn. Mo ní, "Ẹ wí."

Èyí tó ga jù nínú wọn, tó ń lo awò ojú, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àǹtí, obìnrin yẹn, ṣé ó ti dé Nkembo rí?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá kàn án?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ná. Gbogbo ìjà tó jà lábẹ́ omi yẹn, ṣé torí kó lè dé ibi tí bàbá rẹ̀ ti kọ́kọ́ rán an ni? Ṣebí ọkọ̀ òfuurufú ì bá ti gbé e débẹ̀ láìja ìjà kankan!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹni kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, èyí tó kéré jù, tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó ń fi èékánná họ ìdí sálúbàtà rẹ̀.

"Wọ́n ti gba tíkẹ́ẹ̀tì tèmi," ó ní. "Tí a bá ti gba ìsinmi, mò ń lọ sí Ìlọrin."

Ó gbójú sókè wò mí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó padà wá."

Láti ibẹ̀, mo gba ṣọ́ọ̀bù bàbá mi lọ. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó ṣì ń ta àgádágodo, ọṣẹ àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Mo ṣàlàyé lẹ́tà náà fún un.

"Àwọn oníwèé yẹn gbọ́n jù ọ́ lọ," ó ní. "Ọmọ tó bá délé ló ń mọ ara rẹ̀."

"Bàbá, mo délé. Kí ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀?"

"Wọ́n ń bá ọ ṣeré ni."

"Fún ọdún mẹ́sàn-án?"

Ó mú àgádágodo kan, ó ṣí i, ó tún tì í. "Oníròyìn, gbọ́. Ìlú onílùú la wà. Mo rán ọ lọ kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá lé wa lọ́jọ́ kan, wàá mọ ọ̀nà tí wàá sá gbà."

Mo yọ ìwé pélébé mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kà á padà fún un.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí," ó ní. "Má yọ nǹkan kan níbẹ̀."

"Mi ò ní yọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tiyín nìyẹn, Bàbá. Ọmọ inú ìwé mi ò sá fún ẹnikẹ́ni."

Ó ní orí kunkun ń bẹ lára mi. Mo ní mo mọ ẹni tí mo fi jọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo dá olóòtú lóhùn. Ìlà méjì péré ni: "Mi ò ní yí ìparí padà. Ilé ni ọmọ náà ń lọ." Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n kí mi pé ó dàbọ̀. Ilé ìtẹ̀wé méjì mìíràn ò tiẹ̀ dá mi lóhùn. Akẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní, "Ojú ewé mẹ́ta lo ń tìtorí rẹ̀ pa odindi ìwé." Mo ní kó tún un sọ kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ̀.

Ó lé ní ọdún kan kí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Kutọnu tó gbà á, tòun ti ìparí rẹ̀. Oníṣòwò kan tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ ló bá mi kó páálí àkọ́kọ́ wá. Bàbá mi to mẹ́ta sínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgádágodo. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí obìnrin oníbàárà kan bi í pé, "Alhaji, ìwé kí nìyí?"

"Ọmọ mi ló kọ ọ́. Ó dùn. Ìparí rẹ̀ nìkan ni kò dáa."

Obìnrin náà rà á lójú ẹsẹ̀, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ohun tí kò dáa nínú rẹ̀.

Ọmọ tí kì í sábà sọ̀rọ̀ yẹn ti lọ nígbà náà. Ó ti ń lọ sí ọdún kan tó ti wà ní Ìlọrin, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ pé aládùúgbò wa kan ń lọ sílé, ó mú ìwé kan, ó fi ọ̀rá méjì wé e, ó so ó pẹ̀lú okùn, ó ní kí n kọ orúkọ ọmọ náà sí i lára gàdàgbà-gadagba.

Mo ní, "Ṣebí ẹ ní ìparí rẹ̀ ò dáa?"

"Kò dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹrù tí mo bá fọwọ́ mi dì kì í sọ nù."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo pe ọmọ náà láti wádìí.

"Ó dé, Àǹtí," ó ní. "Ìparí ni mo kọ́kọ́ kà."