Àpáàdì Tí Wọ́n Kó Lọ sí Fori

Òórùn amọ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ni mo fi ń rántí ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ̀yìn ilé wa ní bárékè ní Maiduguri ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, níbi tí ọmọbìnrin mi jókòó sí tó ń fọ àpáàdì nínú abọ́ ńlá kan. Ìkòkò omi méjì tó ti sán ni obìnrin kan ní àdúgbò Lamisula fún un, ó sì fi òòlù fọ́ wọn. Nígbà tó wọlé lọ jẹun, mo kà wọ́n: mẹ́rìnlélógójì ni. Mo yẹ etí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi òkúta ha mẹ́ta tó mú jù, kí wọ́n má baà gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí mo ṣe rí nìyẹn.

Ó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì nígbà náà, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́. Èmi tí mo kàwé dé girama nìkan kò mọ ohun tí ènìyàn ń fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ létí rẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wọn máa ń lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama láàárín ìlú láti fi ohun tí wọ́n ń kọ́ han àwọn ọmọ ibẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ṣe olórí ètò ti ọdún yẹn. Ó ṣàlàyé fún mi pé ní Áténì àtijọ́, àwọn ará ìlú lè kọ orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kó kúrò láàárín wọn sára àpáàdì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá pọ̀ jù yóò fi ìlú sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ogójì ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní àdúgbò Fori ni yóò ṣe é láàárọ̀ Sátidé.

"Orúkọ ènìyàn gidi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Haba, eré ni!"

Ìlú tí à ń gbé yìí ti rí ìgbà tí ẹnìkan kàn dárúkọ ẹlòmíràn, tí a kò sì rí onítọ̀hún mọ́. Ṣùgbọ́n n kò sọ ìyẹn. Oòrùn ni mo ń sọ, àti ọ̀nà, àti kẹ̀kẹ́ tó ń sáré jù. Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ṣé kí n kó ẹ̀yin náà sínú àpò, kí ẹ lè máa ṣọ́ mi?"

Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè, láìsọ fún un, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ wọn. Àgbàlagbà ni, inú ìlú yìí gan-an, tí wọ́n tún ń pè ní Yerwa, ni wọ́n bí i sí. "Sannu da zuwa, Madam," ó fi Hausa kí mi káàbọ̀, ó sì fún mi ní àga. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ orúkọ ọmọ mi kúrò nínú àwọn tó ń lọ, kó má sì jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo wá.

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Kí ló ń bà yín lẹ́rù gan-an?"

Mo sọ ti oòrùn. Ó mi orí. Mo sọ ti ọ̀nà. "Ọ̀nà Fori? Ibẹ̀ ni mò ń gbé." Ìgbà náà ni mo tó sọ èyí tó wà nínú mi: pé ogójì ọmọ yóò kọ orúkọ ẹni tó yẹ kó kúrò nílùú, ọmọ mi ni yóò sì kà á sókè. Bó bá jẹ́ orúkọ aládùúgbò ńkọ́? Bó bá jẹ́ orúkọ bàbá ọmọ kan tó wà nínú kíláàsì náà?

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ wọn ní èyí," ó ní. "N kò ro ìyẹn rí." Kò yọ orúkọ ọmọ mi, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ kankan kò ní kọ orúkọ ènìyàn.

Ní Sátidé, mo bá wọn lọ wòran, mo sì jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ọmọ mi sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ kó fi Maiduguri sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. "Aunty, ìṣirò ńkọ́?" ni ọ̀kan bi í, gbogbo wọn pariwo. Ó ní kó kọ ọ́. Ìṣirò gba mẹ́sàn-án, ẹ̀fọn méje, ooru mẹ́rìnlá. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ rárá kọ gudu, èyí tí í ṣe sísá àsálà lédè Hausa. Ọmọ mi kà á sókè bíi ti àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n parí, ó wá bá mi lẹ́bàá ọ̀nà, inú rẹ̀ ń dùn. "Olùkọ́ wa ní ìyá kan ló wá la àwọn lójú lórí ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn. Ẹ̀yin ni, àbí?"

Mo lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni lásán, kó parí síbẹ̀. "Èmi ni," mo ní, "ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo bá lọ. Orúkọ tìrẹ ni mo ní kí wọ́n yọ."

"Láìsọ fún mi?"

Ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́, èmi wọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ ju ìkíni lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. "Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún olùkọ́ wa, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún mi? Ǹ bá ti gbọ́."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wúlò lẹ́nu mi ni mo gbé lọ fún àjèjì, tí mo sì fi oòrùn àti ọ̀nà ṣe ìpín ọmọ mi. Mo rò pé ìṣọ́ra ni. N kò kàn kà á sí ẹni tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Ó ti jáde báyìí, ó ń sin ìjọba ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bà mí lẹ́rù gan-an ni mo máa ń pè é láti sọ, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Yóò gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà, nígbà mìíràn ó máa ń dúró sílé, nígbà mìíràn ó máa ń lọ síbi tó fẹ́ lọ náà.