Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ àti Ìyàwó Tí Ẹ̀rù Kì í Bà

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ ládùúgbò, ọjọ́ tí télọ̀ gba ojú fèrèsé jáde nílé rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Ọ̀sán gangan ni o. Oòrùn ràn, aṣọ ń gbẹ lórí okùn. Nínú pálọ̀, Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ jókòó sídìí tábìlì, àwọn mẹ́ta tí wọ́n máa ń bá a ṣeré sì yí i ká: télọ̀, ìyá oníbúrẹ́dì, àti tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Eré ẹ̀rù ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ á sọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, kálukú á sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe, wọ́n á wá ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i. Dáìsì àti ife tíì nìkan ló wà lórí tábìlì. Gbogbo ìyókù, inú orí ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, nínú eré náà, Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ ti tì wọ́n mọ́ inú ihò òkùnkùn tí ọkọ̀ ojú irin kékeré máa ń gbà kọjá nínú ọgbà ìgbafẹ́. Ọkọ̀ ti dúró. Iná ti kú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Àwọn tó ń gbé inú ihò yìí ò tíì jẹun látìgbà tí wọ́n ti ti ọgbà yìí pa. Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ fetí sí ẹsẹ̀ wọn."

Wọ́n tẹ́tí. Wọ́n sì gbọ́ ẹsẹ̀ lóòótọ́. Ilẹ̀kùn pálọ̀ ṣí, ìyàwó Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ yọ orí wọlé, ó ní, "Wọ́n ti dé o. Ebi ń pa wọ́n. Wọ́n ní gbogbo yín làwọn fẹ́ rí."

Télọ̀ kò béèrè ìbéèrè kankan. Ó fò gba ojú fèrèsé tòun ti téèpù tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn. Kí obìnrin náà tó pa ẹnu dé, tíṣà ti wà lábẹ́ tábìlì. Ìyá oníbúrẹ́dì gbé àga sókè, ó ní kí ẹni tó bá láyà sún mọ́ òun. Ìgbà náà ni ìyá àgbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé pẹ̀lú agbòòrùn lọ́wọ́. Ìyá ìyàwó Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ ni wọ́n, ìrìn àjò ni wọ́n ti dé. Màmá wo àga tó wà lókè, wọ́n wo bàtà tíṣà tó yọ síta, wọ́n ní, "Ṣé èmi lẹ ń kí báyìí?"

Láti ìta, télọ̀ ké wọlé pé, "Mélòó ni wọ́n?"

"Ọ̀kan ni wọ́n!" ni Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ dá a lóhùn.

Láti kékeré la ti mọ̀ pé a kì í pe àgbàlagbà ní "ó", "wọ́n" là ń pè é. Télọ̀ náà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ti tì mọ́ inú ihò kì í ráyè rántí ọ̀wọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ balẹ̀ nínú ilé náà lọ́jọ́ náà ni ìyàwó Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀. Ó wo fèrèsé, ó ní, "Ta ló máa tún àwọ̀n ẹ̀fọn yìí ṣe?" ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn gan-an ló dun Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀. Ó ní ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń wá bí télọ̀ yóò ṣe fò, obìnrin yìí wá fi gbólóhùn kúkurú ṣe é, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan.

Nítorí ká má parọ́, kì í ṣe télọ̀ ni ọkùnrin yìí ń wá bí yóò ṣe dẹ́rù bà. Ìyàwó rẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó yìí, Ìyá Ìbejì là ń pè é, nọ́ọ̀sì tó ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ohun tí ojú rẹ̀ kò tíì rí lára èèyàn. Ọkọ rẹ̀ ti búra pé kí òun tó kú, òun á gbọ́ kí obìnrin yìí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Gbogbo ìtàn tó bá hun, ara àwọn ẹni mẹ́ta yìí ló ti máa ń dán an wò kó tó gbé e lọ bá a ní yàrá ìdáná.

Ẹnikẹ́ni kọ́ ló sọ ọ́ ní Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ o. Òun ló sọ ara rẹ̀. Ọkùnrin kúkurú tó wọ jígí tó nípọn, tí bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ kì í báramu, ló dìde lọ́jọ́ kan tó ní Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n máa pe òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì ni lọ́gbà ìgbafẹ́. Òun ló ń fi epo sí ẹṣin onígi tó ń yípo, òun ló ń gun kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn lọ sókè, tó ń dè é níbi tó bá tú. Bí àwọn èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín, tí àwọn ọmọ ń pariwo ayọ̀, òun á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, á máa wò wọ́n tàánútàánú. Ó ní kò síbi tó bani lẹ́rù tó ibi tí wọ́n kọ́ fún ìgbádùn. Ó ní ilé tó wó, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé kí wọ́n má wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ya ẹ̀rín sí lójú ògiri, tí ògiri náà ṣì ń rín in nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ sílé, ta ló ń rín in fún?

Ẹjọ́ rẹ̀ dé etí ọ̀gá ọgbà lọ́jọ́ kan. Abiyamọ kan ló fi í sùn pé ọmọ òun kọ̀ láti gun ẹṣin mọ́ látìgbà tó ti bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀. Ọ̀gá pè é, ó ní, "Bàbá, kí lẹ sọ fọ́mọ ọlọ́mọ? Ẹ̀yin lẹ tún ẹṣin yẹn ṣe. Ṣé ẹ ò lè sọ fún un pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é ni?"

"Ọ̀gá, mo sọ fún un," ni Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ wí. "Mo ní ẹṣin náà le koko, kò lè já. Mo kàn ní kó má wò ó lójú ni."

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ màmá ìyàwó rẹ̀, ó gbé ọgbọ́n tuntun wọ inú eré. Ohunkóhun tó bá ń gbé ọgbà tó ń sọ, "wọ́n" ló ń pè é. Á ní, "Wọ́n ń bọ̀," á sì pa ẹnu mọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá iwin kan tó ti dàgbà ló ń bọ̀ ni àbí ogún iwin. Ara télọ̀ kò gbà á. Ó ní, "Ẹ pè é ní 'ó', kí n lè mọ̀ pé ọ̀kan ni! Iwin ṣáà ni!"

"Iwin tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi," ni Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ wí, "ṣé kí n wá máa pè wọ́n bí ẹgbẹ́ mi? Ilé wo lẹ ti dàgbà?"

Ìyá oníbúrẹ́dì ló rí ọgbọ́n dá sí i. Ó ní, "Tó bá jẹ́ àgbà ni wọ́n, mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdúró." Ó ju dáìsì, ó sì bọ́ sí i. Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ lajú sílẹ̀. Iwin wo ló máa bu ẹni tó kúnlẹ̀ kí i jẹ? Ó wá ní, "Wọ́n dá yín lóhùn. Wọ́n ní pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ará ilé ńkọ́?" Ó ń bi í, ìyá náà ń dáhùn lórí ìkúnlẹ̀, kò sì lè dìde nígbà tí àgbà ò tíì kí i tán. Télọ̀ àti tíṣà ti jáde nínú ihò tipẹ́, ìyá ṣì ń sọ bí àbúrò ọkọ òun ṣe wà. Wọn ò rí i mọ́ nínú eré náà.

Ká padà sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó bọ́ bàtà, tó gbé oúnjẹ ka iwájú, ọkọ rẹ̀ á fa àga tì í.

"Obìnrin kan wọ kẹ̀kẹ́ ńlá," á ní. "Òun nìkan ló wọ̀ ọ́. Nígbà tó dé òkè téńté, kẹ̀kẹ́ dúró. Ó bojú wẹ̀yìn báyìí, ẹnì kan jókòó tì í."

"Ṣé onítọ̀hún ń mí?"

"Kò mí!"

"Ara rẹ̀ ti tutù àbí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́?"

"Ó tutù... Ìyá Ìbejì, òkú ni mò ń wí, lókè níbi tí kò sẹ́lòmíì!"

"Kó pa ojú rẹ̀ dé, kó fi gèlè rẹ̀ bò ó, kó sì jókòó jẹ́ẹ́ títí wọ́n á fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀," ni ìyàwó wí. "Kí ló wá tún kàn?"

Ọkùnrin náà á dìde, á lọ jókòó lẹ́yìnkùlé, á máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì á tún ti gbé òmíràn dé. Ó sọ ti ilé dígí, níbi tí àwòrán èèyàn ti ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣe ohun tí olúwa rẹ̀ ṣe. Ìyàwó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ojú ló ń dùn ún. Ká ní ẹlòmíì ni, á ti jáwọ́. Tiẹ̀ tún le, nítorí ó fẹ́ràn obìnrin yìí ju bó ṣe yẹ kí àgbàlagbà máa fi hàn ní gbangba lọ, eré yìí sì lọ̀nà tó mọ̀ tó fi lè máa fà á láṣọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ìbòjú kan wálé, èyí tí wọ́n ti yọ kúrò nínú ihò òkùnkùn nígbà tó gbó. Ó dé e mọ́jú, ó lúgọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìdáná, ó sì ń mí bí ohun tí kì í ṣe èèyàn. Ìyá Ìbejì wọlé, ó gbé ìkòkò kaná, ó yípadà, ó rí i. Ó dúró.

Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ rò pé ọwọ́ òun ti tẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé díẹ̀ ló kù kó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ tún mí," ni ìyàwó wí.

Ó tún mí, ó fi kún un.

Obìnrin náà rìn lọ bá a, ó bọ́ ìbòjú lójú rẹ̀, ó gbé etí lé e láyà. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Bàbá Ìbejì, látìgbà wo lẹ ti ń mí báyìí?"

"Ìbòjú ló—"

"Ìbòjú kọ́. Ẹ wọ bàtà yín."

Ọkàn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ti pẹ́. Wọ́n dá a dúró lọ́sibítù, kò sì jókòó jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí télọ̀ àti àwọn yòókù lọ wò ó, wọ́n bá a tó ń sọ fún ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì pé kó fetí sí táyà bẹ́ẹ̀dì tó ń bọ̀ lọ́nà, nítorí kò sẹ́ni tó ń tì í. Ọkùnrin náà bẹ dókítà pé kí wọ́n gbé òun lọ sí wọ́ọ̀dù míì. Dókítà jókòó díẹ̀ láti gbọ́ bó ṣe parí, òun náà sì gba ibòmíì lọ.

Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, gbogbo wa ló yọ̀, àfi Ìyá Ìbejì tó mọ ohun tí "ẹ máa gbé e lọ sílé" túmọ̀ sí lẹ́nu dókítà. Ó tọ́jú yàrá, ó ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ó gbé e sùn. Ó jókòó tì í.

Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ wò ó. Ó ní, "Ṣé kí n sọ ìtàn ọkọ̀ ojú irin ọgbà, èyí tó ń já ṣòòrò látòkè? Mo ti tún un hun. Ó bani lẹ́rù wàyí."

"Bàbá Ìbejì," ni obìnrin náà wí, "ẹ̀rù ń bà mí."

Ohun tó ti ń wá látìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú nìyẹn. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n bí a ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ ó ní ó yẹ kó pariwo, kó ránṣẹ́ pe télọ̀ kó wá jẹ́rìí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ní kó jọ̀ọ́, kó gbàgbé ti ọkọ̀ ojú irin, òun á sọ òmíràn fún un.

Lẹ́yìn tí a sin ín tán, tí àwọn ará ilé tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá ti padà, àwọn ẹni mẹ́ta yẹn lọ kí Ìyá Ìbejì. Wọ́n jókòó, wọ́n mu tíì. Tíṣà ló béèrè, pẹ̀lú ìtìjú, kí ni ìtàn tí bàbá sọ kẹ́yìn. Télọ̀ ti ń wo ọ̀nà tí yóò gbà sá.

Ìyá Ìbejì ní ìtàn ọgbà náà ni, láàárọ̀, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ìrì wà lórí ẹ̀yìn àwọn ẹṣin onígi, mẹkáníìkì kan sì ń fi àkísà nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi epo sí kẹ̀kẹ́ ńlá, ó yí i wò, ó yí dáadáa. Ni wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, àwọn èèyàn wọlé. Ọmọge kan tó wọṣọ nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sókè, kẹ̀kẹ́ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ó kí mẹkáníìkì, ó ní ẹ ṣeun.

"Kí ló wá jáde?" ni ìyá oníbúrẹ́dì béèrè.

"Èmi náà ń dúró dè é," ni Ìyá Ìbejì wí. "Kò sí nǹkan tó jáde."

Ó ní nínú gbogbo ìtàn tí ọkọ òun sọ rí, ìyẹn ni kò dáa rárá, torí kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní nígbà tó parí ẹ̀, òun ní kó tún un sọ.