Dókítà Tó Wọn Ibà Ara Rẹ̀

Ibà ló gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí, àṣé ara tirẹ̀ ló gbóná jù.

Òun nìkan ló ń tọ́jú gbogbo àwa aláìsàn tó wà ní ilé ìwòsàn náà, kò sì sùn fún ọjọ́ méjì. Ó mú gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn ibà, ó fi í sẹ́nu ara rẹ̀, ó yọ ọ́, ó wò ó.

Ó fi Háúsá, èdè tí gbogbo wa ń gbọ́ níbẹ̀, sọ fún mi pé, "Ara yín gbóná gan-an."

Mo ní, "Dókítà, ẹnu yín lẹ fi í sí."

Ó fara ti ògiri.

Màmá Sàlámì, oníṣòwò ará àdúgbò Nyohini tó tò sẹ́yìn mi, tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà. "Ọmọ mi, dùbúlẹ̀ jàre. Ẹsẹ̀ mi tó ti wú láti Jímọ̀ ò ní sá lọ."

Kò pẹ́ tí dókítà fi sùn lọ.

Ibà mi ṣì wà lára, mi ò jí i. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ ó jí i?