Kọ́kọ́rọ́ Àdùkẹ́

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò ní ilé ìwé, ọwọ́ mi sì mọ ọ̀bẹ ju bíírò lọ. Ǹ bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì mí láàrin èèyàn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, lẹ́yìn ikú bàbá mi, màmá mi mú mi láti Ọ̀tùn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ayégbajú. Màmá Ayégbajú ni mo ń pè é. Gaàrí ló ń ṣe. Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ni èmi àti àwọn obìnrin àdúgbò ti ń bá a bó ẹ̀gẹ́. Òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan tó wà nínú àpò lábẹ́ òkúta kì í kúrò lára aṣọ mi, èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan gaàrí sì máa ń ta mí lójú. Láàárọ̀, Wùmí, ọmọ Màmá, á wọ yunifọ́ọ̀mù, á lọ sí ilé ìwé. Èmi á jókòó ti ẹ̀gẹ́.

Nígbà tí mo sunkún, Màmá ní, "Ìtàn tí mo máa bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọjọ́ tó bá parí ni wàá bá Wùmí lọ." Inú mi dùn. Ìtàn wo ló ń pẹ́ kó tó parí?

Ìtàn orogún méjì ni, Àbẹ̀ní àti Àdùkẹ́. Àìsàn dá Àdùkẹ́ gúnlẹ̀, Àbẹ̀ní sì ń tọ́jú rẹ̀: ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń se ọbẹ̀ fún un, ẹran inú rẹ̀ kì í kéré. Ṣùgbọ́n ó ti jí kọ́kọ́rọ́ àpótí Àdùkẹ́, ó so ó mọ́ ìbàdí, ó ró ìró lé e. Ojoojúmọ́ ló ń fẹ́ dá a padà. Lọ́jọ́ kan ó mú un dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ tí Àdùkẹ́ ń bú òun fún àlejò, ó yí padà. Lọ́jọ́ mìíràn ó rántí pé bí ara Àdùkẹ́ bá yá, ọkọ kò ní yin òun mọ́. Ibi tó bá ti dùn jù ni Màmá á ti ju ọ̀bẹ sínú abọ́: "Ó dọ̀la."

"Olè ni Àbẹ̀ní yẹn!" Ìyá Dàda, tí ohùn rẹ̀ le jù nínú wa, á pariwo.

Ẹlòmíràn á ní, "Olè wo ló ń se ọbẹ̀ fún ẹni tó jà lólè?"

"Ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń bo olè mọ́lẹ̀ ni!"

Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á jiyàn, ẹ̀gẹ́ á tán nílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì gbogbo wọn á tún dé, ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan mo ki ara láyà, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Àbẹ̀ní dá kọ́kọ́rọ́ yẹn padà lónìí."

Ìyá Dàda bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí, kí lo ń kánjú dé ulé fún, bí ìtàn ṣe ń dùn yìí?"

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí Àbẹ̀ní bá jẹ́ olè pátápátá, ọkọ ti lé e lọ. Bó bá jẹ́ ẹni rere pátápátá, ó ti dá kọ́kọ́rọ́ padà. Kí la ó wá jókòó bó ẹ̀gẹ́ sí?"

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìtàn náà kò ní parí.

Ẹ má rò pé ìkà ni. Bí ọ̀bẹ bá gé mi, òun ló ń fi àdí pa ojú ọgbẹ́. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ẹ̀yìn ló fi pọ̀n mí dé ilé ìwòsàn. Orí ẹja, èmi ló ń fún, kì í ṣe Wùmí. Ṣùgbọ́n bí mo bá bó èèpo tó nípọn, á gbá mi lórí. Ó tọ́jú yunifọ́ọ̀mù àtijọ́ Wùmí dè mí, ó ká a sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi kéré jù fún mi.

Wùmí ti ń ṣiṣẹ́ ní Adó báyìí. Àwọn obìnrin kò wá sábẹ́ máńgòrò mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń wo fíìmù onípele, apá kejì á ti dé kí itọ́ tó gbẹ lẹ́nu. "Olè ni!" "Kì í ṣe olè!" Àríyànjiyàn yẹn nìkan ni kò yí padà. Nígbà náà, mò ń retí ọ̀la. Nísinsìnyí, n kò mọ ohun tí mò ń retí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Màmá, ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọ̀rọ̀ kì í fẹ́ já geere. Èmi ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, ó di ọwọ́ mi mú. Ó fi ọwọ́ kejì tọ́ka sí ìbàdí ara rẹ̀. "À... Àbẹ̀ní..." Omi lé ròrò sí i lójú. Ó fẹ́ parí ìtàn náà. Ohun tí mo ti ń dúró dè láti kékeré ti dé etí ètè rẹ̀.

Mo nu ẹnu rẹ̀. Mo ní, "Ó dọ̀la, Màmá."

Bóyá àánú ni, torí ó ti rẹ̀ ẹ́. Bóyá ẹ̀san ni. Mo rò ó títí, méjèèjì ni mo bá níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wẹ̀ ẹ́, mo gbé e jókòó sábẹ́ máńgòrò. Mo da ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo mú ọ̀bẹ. Ó ń wo ẹnu mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́, n kò sì bi í bí ìtàn náà ṣe parí.