Ọkọ la dìbò fún, oko ni wọ́n gbé wá

Àìfàmì sórí ọ̀rọ̀ ti kó bá mi lónìí o!

Ìyá Bísí, alága ẹgbẹ́ ìwé kíkà àwa obìnrin Mafoluku, ló tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù wa níjọ́sí: "Iwe oko tabi iwe obe, ewo la maa ka?"

Gbogbo wa dìbò fún ọkọ. Ta ni ò lẹ́jọ́ ọkọ láti rò?

Àfi bó ṣe gbé ìwé iṣẹ́ oko dé lónìí, tòun ti àwòrán ẹ̀gẹ́ níwájú ẹ̀!

Mo ní, "Ìyá Bísí, ọkọ dà?"

"Ọkọ wo? Ṣé ẹ ò fi tiyín sílé ni?"

"Ẹ jẹ́ ká kúkú ka ti ọbẹ̀."

"Mo ti ra mẹ́wàá. Ẹ̀yin lẹ sì máa ṣáájú ìjíròrò."

Ẹ gbà mí! Kí ni mo fẹ́ sọ nípa ẹ̀gẹ́ fún odidi wákàtí kan? Gààrí nìkan ni mo mọ̀.