Sìsí Fọ́tò Tẹ̀ Ẹ́ Lẹ́ẹ̀kan

Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tí kò mọ Sìsí Fọ́tò. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù, òun ló sì ń ya àwòrán, àmọ́ Sìsí ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó ń ṣa èyí tó dára, tó sì ń tún èyí tó wọ́ ṣe. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà bí ẹyin ojú. Á máa bá àwọn ìyàwó inú àwòrán wí: "Ìwọ, gbé àgbọ̀n ẹ sókè!" Àfi bíi pé wọ́n ń gbọ́.

Àìsàn dé, ó mú un lọ́wọ́ ọ̀tún. Ara rẹ̀ padà yá, ṣùgbọ́n àwọn ìka náà ò yára mọ́. Kọ̀ǹpútà ní tiẹ̀ ò mọ sùúrù: ẹ̀ẹ̀mejì, kíákíá, lèèyàn gbọ́dọ̀ tẹ máósì kí fáìlì tó ṣí. Bí ìtẹ̀ kejì bá pẹ́, ẹ̀rọ á rò pé orúkọ fáìlì lèèyàn fẹ́ yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni Sìsí ṣe sọ àwòrán ìyàwó kan di "kkkk" láìmọ̀. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i, ìyá ìyàwó sì fìbínú jáde.

Àbúrò rẹ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ máa jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ máa kí oníbàárà."

Nígbà tó délé, ẹkún ló fi ròyìn fún ọkọ rẹ̀. Káfíńtà ni ọkọ, ilẹ̀kùn kan tó há ló sì ń fá lọ́wọ́.

"Ọwọ́ yìí ló dójú tì mí," ni Sìsí wí.

Ọkọ ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Tí ilẹ̀kùn bá há, ṣé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ṣí i la máa ń fá ni?"

Sìsí nu ojú nù. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣáájú gbogbo wọn dé ṣọ́ọ̀bù, ó wọ ibi tí wọ́n ti ń yí ìṣe kọ̀ǹpútà padà, ibi tí kò yà sí rí láti ọjọ́ tó ti ń lò ó. Ó rí i níbẹ̀: nawọ́ sí fáìlì láti yàn án, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan láti ṣí i. Ó yàn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di bóò lọ o yà fún mi! Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, àwòrán sì ń jáde ní méjìméjì. Ó pòṣé, ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ dùn débi pé orin ló ń kọ lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ tuntun dé. Ìyá ìyàwó ọjọ́sí padà wá, òun àti ọmọ rẹ̀, láti ṣa àwòrán. Àbúrò Sìsí fúnra rẹ̀ ló sáré jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wàrà-wàrà, bí ìṣe rẹ̀. Àwòrán ń ṣí lórí àwòrán, òógùn bò ó.

"Ta ló ba ẹ̀rọ yìí jẹ́?"

"Èmi ni mo tún un ṣe," ni Sìsí dáhùn. "Dìde."

Ó dìde. Sìsí jókòó, ó rọra gbé ọwọ́ lé máósì. Èyí tí ìyàwó bá tọ́ka sí, kó tó pa ẹnu dé, ó ti ṣí. Tìyá-tọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ síwájú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má lọ jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́ o. Ibí yìí ni mo fẹ́ yín."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo ń lọ tẹ́lẹ̀?" ni Sìsí wí, ó sì ṣí àwòrán tó kàn.